Ikàn Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Inú ìwé kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni Ìyá Mẹ́dùpín pọ́n irúgbìn náà sí,
oṣù kẹjọ ọdún kan tó ti kọjá.
Ó ní, "Òkun o, wọlé-wọlé. Gbin èyí."
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì,
orúkọ iṣẹ́ ṣì ń tẹ̀ lé mi kiri Ìsánlú
bí ajá tí kò rí olówó mìíràn.

Mi ò gbin nǹkan rí.
Bàbá mi gbin iṣu, ó gbin kọfí,
ó ní kí èmi máa gbin ìwé.
Ìwé hù. Ó di kakí, ó di kẹ̀kẹ́ Ráléè,
ó di pépà ìtanràn.

Ìyàwó mi lọ tọ́jú ọmọ ọmọ wa ní Lọ́kọ́ja.
Ó ní oṣù kan. Oṣù kẹta rèé.
Mo mọ tíì í sè.
Ẹ̀bà mi ṣe kókó-kókó bí ọ̀nà Kàbà.

Mo fọ́n irúgbìn sínú garawa ọ̀dà tó ti là.
Ọjọ́ keje, mo fi ìka tú ilẹ̀ wò,
bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò kí omi tó hó.
Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n yọ, tín-ín-tín,
ewé méjì-méjì.
Mo wá awò ojú mi, mo kúnlẹ̀.
Ó ti pẹ́ tí mo ti kúnlẹ̀ fún ohun tí kì í ṣe Ọlọ́run.

Mo lọ́ wọn gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná, lẹ́bàá àpáta.
Tata jẹ méjì. Ewúrẹ́ jẹ mẹ́rin.
Mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba pín yí ìyókù ká.
Òdòdó yọ, ó doríkodò
bí ẹni tí a bi ní ìbéèrè tí kò fẹ́ dáhùn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí.
Ọdún tí onígbáméjì wọ ìlú,
mo dúró lẹ́yìn ilé Ìyá Mẹ́dùpín, sítáàṣì gan lára kakí mi,
mo fi báírò tọ́ka: "Koríko yìí, ẹ hú u."
Ó ní, "Ikàn ni, ọ̀gá. Ó ti fẹ́ so."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: koríko. Náírà márùn-ún.
Ó fọwọ́ ara rẹ̀ hú wọn níṣojú mi,
ó tò wọ́n jọ bí igi ìdáná.

Àkọ́so mi jẹ́ mẹ́tàlá, funfun báláú.
Mo tẹ ìyàwó mi láago: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.
"Bọ̀ wọ́n. Bó èèpo. Gún un, má jẹ̀ẹ́ kó kúnná jù.
Epo díẹ̀. Ẹja gbígbẹ wà nínú agolo mílíìkì."
Kò sọ bí díẹ̀ ti tó.
Èéfín lé mi jáde; àwọn ọmọ àdúgbò ké pé ilé ń jó.
Mo tún bẹ̀rẹ̀.
Mo fi iyọ̀ sí i, mo gbàgbé, mo tún fi sí i.

Mo bu díẹ̀ sínú abọ́, mo gbé iṣu gbígbóná lé e, mo sọdá.
Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí mo ti ń tò láti àárọ̀,
bí ìgbà tí mo ń kọ ìròyìn iṣẹ́.
Ó gba abọ́ kí n tó lanu.
Ó fi iṣu kan ọbẹ̀, ó jẹ, ó ń wo àpáta.
"Wọlé-wọlé, iyọ̀ pọ̀."
Ó tún kan ọbẹ̀.
"Ṣé o fi ọ̀kan sílẹ̀ kó pọ́n, fún irúgbìn?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Irọ́ ni. Mo padà sílé, mo mú tọ́ọ̀ṣì,
mo ń gbé ewé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan,
bóyá ojú mi fo ọ̀kan.